Aṣọ Akọni, Aṣọ Ẹni Tí Ogun Bá Nílé

Ẹni tí ó bá ti Lomé ń lọ sí Atakpamé yóò tẹ̀lé ọ̀nà ńlá tí ó ti etí òkun dojú kọ àríwá orílẹ̀-èdè Tógò. Ìrìn náà tó nǹkan bí kìlómítà 160. A ó kọjá Tsévié, a ó kọjá Notsé, ìlú àtijọ́ tí àwọn Ewe kà sí orírun wọn, lẹ́yìn náà ni a ó dé ibùdó kan tí orúkọ rẹ̀ máa ń pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí ó bá rí i lára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà: Wahala. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó bá mọ ìtàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, létí odò Chra ní agbègbè yẹn, ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ti dojú ìjà kọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé. Ibojì àwọn tí ó kú wà ní Wahala títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n wọ aṣọ ogun ìjọba tí kì í ṣe tiwọn.

Lẹ́yìn Wahala, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Òkè á yọ lápá òsì, òmíràn á yọ lọ́ọ̀ọ́kán, títí ọkọ̀ yóò fi bá ara rẹ̀ láàárín ìlú tí ilé rẹ̀ gun orí òkè bí ewúrẹ́. Ní Kamina, lẹ́yìn ìlú, àwókù ilé iṣẹ́ rédíò tí àwọn ará Jámánì kọ́ kí wọ́n lè máa bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀ láìlo wáyà ṣì wà nínú koríko. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wó o lulẹ̀ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí ọ̀tá má baà jogún rẹ̀. Atakpamé ni olú ìlú agbègbè Plateaux. Òwú pọ̀ ní ilẹ̀ náà, àwọn àjèjì sì ti ń wá òwú wá síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ìlú àwọn Ifẹ̀ ni, àwọn tí ìwé Faransé máa ń pè ní Ana. Ìtàn wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́ kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ọmọ Yorùbá láti Kétou tàbí láti Ìbàdàn tí ó bá ní sùúrù yóò máa gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn ìbátan láti inú yàrá kejì. Ohun tí a ń pè ní iṣu, itsu ni wọ́n ń pè é. Ọdún iṣu tuntun wọn sì ni Odon-Itsu. Ibẹ̀ ni a bí mi sí. Lomé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lìsé ní èdè Faransé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó jẹ́ pé àlejò ni mo ń jẹ́ nígbà tí mo bá dé ilé.

Ní ìsinmi gígùn tó kọjá, kì í ṣe ọdún iṣu ni ó gbé mi dé ilé. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ránṣọ ní ìlú, ni ó pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Ìyá àti ọmọ yìí. Ìyá ti kó ẹní rẹ̀ kúrò nílé. Ó ní òun kò ní sùn sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú aṣọ náà."

Mo bi í pé aṣọ wo. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ óò rí i."

*

Ìyàrá iṣẹ́ àbúrò mi kò gbà ju maṣíìnì ìránṣọ méjì àti tábìlì kan lọ. Nígbà tí mo dé, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó sórí ìlẹ̀kùn. Wọ́n dìde kí mi. "Tonton, ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn náà ni mo rí aṣọ náà lára ògiri: pupa fòò, ìgbàyà rẹ̀ le bí awọ, ìlẹ̀kẹ̀ ká a láti èjìká dé ìbàdí, òrùka wúrà mẹ́jọ sì wà ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀kọ̀ kan fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti wo sinimá Black Panther ni yóò mọ̀ ọ́n: aṣọ àwọn Dora Milaje, obìnrin tí ń ṣọ́ ọba Wakanda.

Mo kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. Mo ní kí ó fi bí ó ti ṣe é hàn mí. Ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀rá yí ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká, láyà àti lẹ́yìn, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó fi bírò fa ìlà ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan yóò wà, ó wá fi àlùmọ́gàjí là á kúrò lára. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Ó gé awọ náà ní ojú ìlà, ó tẹ́ ẹ sórí páálí, ó sì rí bátànì tí ó bá ara mu ju èyí tí téèpù ìwọnṣọ lè fúnni lọ.

Ìgbàyà náà kì í ṣe awọ. Ẹní rọ́bà aláwọ̀ mèremère ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi láti ṣeré lórí rẹ̀. Rọ́bà náà máa ń rọ̀ bí ooru bá fẹ́ sí i, bí ó bá sì tutù, ìrísí tí a fún un ni yóò dúró sí. Ọmọ náà kò ní ẹ̀rọ olóoru tí àwọn ará òkè òkun ń lò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá rẹ̀ ni ó sún mọ́ rọ́bà náà láìjẹ́ kí ó kàn án, ó ka ogún, ó sì tẹ rọ́bà náà mọ́ ẹ̀yìn igbá títí ó fi tutù. Igbá ńlá ni ó fi ṣe àyà, igbá kékeré ni ó fi ṣe èjìká. Ó fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà so wọ́n pọ̀: ó fi pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, nígbà náà ni ó tó tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ó po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi, ó fi kun ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí rọ́bà náà má baà mu ọ̀dà, lẹ́yìn náà ni ó kùn ún ní ọ̀dà. Òrùka wúrà ọrùn? Páìpù rọ́bà oníhunjọ tí àwọn oníná máa ń ti wáyà sínú rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ná an ní 14 500 fáránkì, owó tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà Àjíǹde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe Black Panther fúnra rẹ̀. Ó fi ìbòjú dúdú náà lé mi lọ́wọ́. Mo wo ibi ojú, mo rí i pé àwọ̀n ẹ̀fọn ni ó lẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Mo gbé e sójú: mo ń rí gbogbo wọn kedere. Ọmọ náà ní, "Tonton, àwa kò rí ojú yín o." Mo rántí pé àwọ̀n kan náà ni ó ń bo ojú egúngún ní Kétou, ní Sakété àti ní Porto-Novo: ẹni inú rẹ̀ ń rí wa, àwa kò rí i. Ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lábẹ́ ẹ̀kú, ènìyàn á pòórá kí ará ọ̀run lè dé. Ẹni tí ó bá dárúkọ ọmọ ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, gbogbo èrò ni ó fẹ́ mọ ẹni tí ó wà nínú aṣọ, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó rán an.

*

Cosplay ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà káàkiri ayé. Bí a bá ní kí a fún un lórúkọ ní èdè wa, mo rò pé a lè pè é ní àwọ̀jọ: kí ènìyàn wọ aṣọ títí yóò fi jọ akọni inú ìwé. Kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1939, níbi àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn olólùfẹ́ ìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní New York, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Forrest J Ackerman wọ aṣọ ènìyàn ọjọ́ iwájú wọlé. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Myrtle Douglas, obìnrin tí ó bá a wá, ni ó rán aṣọ tirẹ̀ àti ti ọkùnrin náà. Ní àwọn ọdún 1980 ni akọ̀ròyìn ará Jàpáàn kan, Nobuyuki Takahashi, fún eré náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Láti ọdún 2003 ni àpéjọ àgbáyé rẹ̀ ti ń wáyé ní ìlú Nagoya. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, láti ọdún 2012 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń péjọ ní Èkó fún Lagos Comic Con, tí wọ́n ń wọ aṣọ akọni tí wọ́n fúnra wọn rán.

Ní ti Black Panther, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Stan Lee àti Jack Kirby, ni wọ́n dá a sílẹ̀ nínú ìwé alálàwòrán ní ọdún 1966. Ọdún 1998 ni àwọn Dora Milaje tó wọ inú ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di sinimá ní ọdún 2018, Ruth E. Carter ni ó ṣètò aṣọ rẹ̀: ó mú pupa àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Maasai, ó mú òrùka ọrùn lọ́dọ̀ àwọn Ndebele, ó mú fìlà ayaba lọ́dọ̀ àwọn Zulu. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2019, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà fún aṣọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú obìnrin tí ó jọ Dora Milaje nínú ìtàn tòótọ́, ìdáhùn kan náà ni gbogbo ẹnu ń fọ̀: àwọn obìnrin jagunjagun ti Dàhómì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa.

*

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó tẹ̀ síwájú. Èmi náà ti wọ aṣọ akọni ní ìlú yìí. Ní ìgbà èwe mi, àwọn ìwé alálàwòrán pélébé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Faransé máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí èèpo wọn yóò fi ya: Blek le Roc, Akim, Zembla. Èmi ni Zembla àdúgbò wa. Àjákù aṣọ ìyá mi ni mo so mọ́ ìdí, mo fi èédú ya àmì ẹkùn sí i, mo sì gun igi máńgòrò. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé bí ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n ṣe ya Zembla, tí ó ń jọba nínú igbó àwọn ènìyàn dúdú. Ìwé náà fi hàn kedere. Èmi ni n kò rí i. Mo rí ara mi nínú rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni mo wọ ohun mìíràn. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ẹni tí a bá gbọ́ tí ó sọ èdè ilé rẹ̀, wọn á fi ìgbá ìgbín tí a fi okùn so kọ́ ọ lọ́rùn. Signal ni a ń pè é. Yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀, tí yóò sì kó o lé e lọ́rùn. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá lù ni yóò jẹ ẹgba. Mo gbé e wálé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi rí i. Kò béèrè ohun tí ó jẹ́. Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó gbé e sẹ́yìn ìkòkò omi títí di òwúrọ̀, ó sì tún fi kọ́ mi lọ́rùn kí n tó jáde. Mo ti di olùkọ́ èdè Faransé báyìí, mo sì fẹ́ràn èdè náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ lára, ọkàn rẹ̀ ni ó ń lọ.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá Ìyá ní agbo ilé àbúrò rẹ̀ tí ó sá lọ. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó bi mí léèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò dárúkọ aṣọ náà títí mo fi sọ pé, "Ìyá, eré ọmọdé ni."

Ó dáwọ́ dúró. "Eré? Ta ni ó fi ń ṣeré?"

Mo ní obìnrin akọni ni, obìnrin inú ìwé.

Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn obìnrin Dàhómì ni. Ọmọkùnrin mi, ìwọ tí o kàwé, ṣé ìwé rẹ kò sọ fún ọ ibi tí àwọn obìnrin náà ń jagun lọ?"

Ìwé mi ti sọ fún mi. Ní àárín ọ̀rúndún 19, ogun Dàhómì wá sí Atakpamé, àwọn obìnrin náà sì wà nínú rẹ̀. Frederick Forbes, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe àlejò ọba Gezo ní Abomey ní ọdún 1849 àti 1850, kọ orúkọ ìlú wa sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1851, láàárín orúkọ àwọn ìlú tí Dàhómì bá jagun. Ẹrú ni wọ́n ń wá. Àwọn tí wọ́n kó, a ta òmíràn sí òkun, a fi òmíràn sí oko ọba. Mo ti ka gbogbo èyí ní yunifásítì, mo sì ti gbàgbé pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Ìyá kò kàwé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún un, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Ìdájí ni. Àwọn ènìyàn gun òkè lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin méjì láti agbo ilé wa kò dé orí òkè. Ìyá dárúkọ wọn fún mi, bí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. N kò ní kọ orúkọ wọn síhìn-ín, nítorí ti ilé ni.

Mo ní àwọn ará Dàhómì fẹ́ràn àwọn obìnrin náà débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní mino, èyí tí ó túmọ̀ sí "àwọn ìyá wa".

Ó ní, "Ìyá tiwọn." Ó mú ẹ̀wà rẹ̀. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Mo sùn sí ilé àbúrò mi ní òru náà, n kò sì tètè rí oorun. Mo ronú lórí ère obìnrin jagunjagun tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé dúró ní Cotonou ní oṣù keje ọdún 2022, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Mo ti kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wò ó, mo sì ti fi ìgbéraga sọ fún wọn pé obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni èyí. N kò purọ́. Àwọn obìnrin náà gbójú, wọ́n sì dúró níwájú ìbọn Faransé nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n gun òkè wa ní ìdájí. Mo ti fi ìdajì ìtàn kọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé ìdajì tí ó kù kò ní ère, kò ní sinimá, kò sì ní aṣọ tí ọmọ lè fi gba àtẹ́wọ́.

*

Ní ọjọ́ kejì, mo mú ọmọ àbúrò mi lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì, kí ó sì pa aṣọ náà tì. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí n kò retí. Ó ní, "Ìyá àgbà, n kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Ẹ sọ fún èmi náà."

Ìyá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ju bí ó ti sọ ọ́ fún èmi lọ. Nígbà tí ó parí, ọmọ náà béèrè bí aránṣọ ti máa ń béèrè: "Aṣọ wo ni àwọn méjèèjì wọ̀ ní ọjọ́ náà?"

Ìyá la ẹnu, ó pa á dé. Ní gbogbo ọdún tí ó ti ń gbọ́ ìtàn náà tí ó sì ń sọ ọ́, kò sí ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè yìí rí. A mọ aṣọ àwọn tí ó wá, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun ya àwòrán wọn sínú ìwé. Aṣọ àwọn tí wọ́n kó lọ, kò sí ẹni tí ó yà á.

Ó wá rọra sọ pé, "Ìdájí ni. Aṣọ tí wọ́n fi sùn ni yóò jẹ́."

Ọjọ́ márùn-ún ni ó kù kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣe àṣehàn aṣọ wọn. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan rọ́bà mọ́. Ó lọ sí ọjà, ó ra òwú tí a fi ọwọ́ ran, ó bẹ bàbá awunṣọ kan kí ó wun aṣọ òfì tóóró fún un. Ó rẹ ẹ́ sínú aró, àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ẹ. Ìyá àgbà rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń so ìró tí kì í tú bí ènìyàn bá ń sáré: n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ìró bẹ́ẹ̀ wà, àfi ìgbà tí mo rí ọwọ́ Ìyá tí ó ń lọ́ ọ mọ́ ìbàdí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì tì í bọ̀ ọ́ láti abẹ́. Ó fi òwú tí ó kù di ọmọ láńgidi kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ohun tí ó gba àkókò rẹ̀ jù lọ ni ẹsẹ̀: ó fi ọ̀dà pupa àti erùpẹ̀ òkè kun ún títí dé orúnkún, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ti gun òkè nínú òjò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, Ìyá gbé ẹní rẹ̀ padà wá sílé. Aṣọ pupa náà ṣì wà lára ògiri. Ó kọjá níwájú rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun.

*

Àṣehàn náà wáyé ní ìta gbangba kan. Àwọn oníjó Tchébé ni wọ́n ṣí i. Ẹni tí kò bá tí ì rí wọn kò tí ì mọ Atakpamé: àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n so igi gígùn mọ́ ẹsẹ̀, tí igi òmíràn ju mítà 3 lọ, tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn títí àyà gbogbo èrò yóò fi já. Mo wò wọ́n pẹ̀lú ojú tuntun ní ọjọ́ yẹn. Kí àwọn akọni inú ìwé tó dé, a ti ń ṣe ènìyàn tí ó ga ju ènìyàn lọ ní ìlú yìí, pẹ̀lú igi, okùn àti ìgboyà nìkan.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláwọ̀jọ jáde. Black Panther fò sókè, àwọn ọmọdé pariwo. Spider-Man kan wà tí aṣọ rẹ̀ fún un débi pé kò lè jókòó. Ọ̀rẹ́ ọmọ àbúrò mi ni ó wọ aṣọ pupa náà, ó fi ọ̀kọ̀ na ilẹ̀, gbogbo ìta dún. Mo yí ojú wo Ìyá tí ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò gbójú kúrò. Ó wo aṣọ náà láti òkè délẹ̀, bí ìyá aránṣọ ti máa ń wò. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára." Kò fi ohunkóhun kún un.

Ọmọ àbúrò mi ni ó jáde kẹ́yìn. Kò fò, kò na ilẹ̀. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó tún sáré. Ariwo rọlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Ọmọdékùnrin kan ní iwájú béèrè ní èdè Faransé pé, "Inú ìwé wo ni ìyẹn wà?" Ẹni tí ó di gbohùngbohùn mú náà béèrè, bí ó ti bi gbogbo àwọn tó kù, pé kí ó sọ orúkọ akọni rẹ̀.

Ó sọ ọ́, ní èdè Ifẹ̀. Orúkọ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn arúgbó díẹ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn gbé orí sókè. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dáhùn láti àárín èrò pé, "Ilé tiwa pẹ̀lú," ó sì dárúkọ mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dárúkọ tirẹ̀. Ẹni tí ó di gbohùngbohùn mú kò mọ ohun tí yóò ṣe; ó dákẹ́, ìyẹn sì ni ó dára jù lọ tí ó lè ṣe.

Ọmọ náà kò gba ẹ̀bùn. Black Panther ni ó gbà á, ó sì tọ́ sí i.

Nígbà tí mo padà sí Lomé, ìwé alálàwòrán kan tí a kò tí ì kọ ni mo gbé lọ́kàn, èyí tí ọmọdékùnrin yẹn béèrè. Mo ti pinnu pé ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò lọ bi àwọn ìyá àgbà wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: aṣọ wo ni ẹ wọ̀ ní ọjọ́ náà? Kí olúkúlùkù wọn ya ohun tí ó bá gbọ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí i ní èdè Faransé àti ní èdè ilé rẹ̀. N kò ní fi ohunkóhun kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ọkọ̀ wa kọjá Wahala ní ọ̀sán. Ọmọ kékeré kan nínú ọkọ̀ ka pátákó náà sókè, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi sin àwọn ènìyàn síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.